Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Èmi ni mo di orí téèpù mú lọ́jọ́ náà.
Ọ̀gá mi fà á dé etí odò Alákàn,
ó ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé wọ inú rẹ̀."
Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́: oókan, lẹ́yìn náà aárùn-ún.
Ọdún kẹta mi nìyẹn ní ọ́fíìsì ilẹ̀,
n kò tíì mọ̀ pé nọ́ńbà máa ń ní ọ̀tá.

Ẹ má rò pé ìwọra nìkan ló kọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn.
Ìbídùnní ti ránṣọ lábẹ́ agboòrùn fún ọdún méje,
ẹ̀rọ rẹ̀ ń mu òjò bí ọmọ tí a kò bò.
Àwọn ọmọ tó gbàwé ẹ̀rí ń jókòó sórí afárá,
wọ́n ń ka ọkọ̀ tó ń lọ Àkúrẹ́.
Iléṣà fẹ́ jẹun.
Ìlú tí kò jẹun, òun náà wà nínú ewu.
Nígbà tí Olóyè Arímọrọ̀ ní òun yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rìnlélógún,
a pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi gbóná.

Ó wọ ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ẹtì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́:
"Ọmọ mi, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí yóò jẹ ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ mi.
Odò tí ewúrẹ́ ń fò kọjá!"
Ọ̀gá mi wo fèrèsé. Èmi wo ọ̀gá mi.
Réésà wà lórí tábìlì, kò tóbi ju èkùrọ́ lọ.
Mo fi pa oókan rẹ́.
Ó ku aárùn-ún.

Bàbá Fápohùndà tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lóru kò mọ̀wé,
ṣùgbọ́n ó ń fi èédú kọ tirẹ̀ sára ògiri:
ibi tí omi dé léṣìí, ibi tó dé lọ́dún yìí.
Ìlà ń gun ògiri bí alángbá.
"Ẹ wá wò ó o, Alákàn ń dìde."
Wọ́n fi ọ̀dà funfun kun ògiri nígbà tí ọdún ń bọ̀.
Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí;
ojú wo la fi ń ṣọ́ Alákàn?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ mọ òṣómàáló.
Àwọn bàbá wa ló gbé aṣọ àwìn kiri,
tí wọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
n ò ní jókòó, n ò ní jẹun, owó mi dà?
Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Ọ̀wàrà,
odò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mẹ́rìnlélógún.
Kò gba ẹ̀bẹ̀.
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá rẹ̀ ló ń béèrè.

Bàbá fi kùmọ̀ lu páànù, ó lù ú, ó lù ú,
àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń sùn síbẹ̀ sá jáde, mọ́kànlá.
Ó padà lọ pe ẹni kejìlá.
Ẹni kejìlá ti gba ẹ̀yìn jáde.
Fìlà bàbá la rí lọ́jọ́ kejì, ó há sára irin afárá.
Ẹ̀rọ Ìbídùnní, tí kò tíì san owó rẹ̀ tán,
a wà á nínú ẹrẹ̀ bí ẹni wa iṣu.

Àwọn kan ní ká wó gbogbo rẹ̀.
Àwọn kan ní ká kọ́ ọ padà bó ṣe wà.
Ìbídùnní ní, "Akọ̀wé, ṣé abẹ́ agboòrùn ni kí n padà sí?"
Mo mú téèpù.
Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rìndínlógún ni yóò dúró,
ìpìlẹ̀ wọn á ga dé orókún,
ìyókù di ti odò, kí koríko máa gbébẹ̀.
Olóyè ní ó ti wọ́n jù.
Mo nawọ́ sí fìlà tó wà lára irin.
Àwọn mẹ́jọ tí kò ní rí ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?
N kò tíì mọ̀. Òun ló ń jí mi lóru.

Lọ́tẹ̀ yìí, bírò ni mo fi kọ ọ́, n kò kọ nọ́ńbà:
mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
lẹ́tà lẹ́tà, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀.
Lẹ́yìn náà mo jáde lọ wá èédú.